Ìdúró Wákàtí Méjìlá Ààbọ̀

Ní agboolé tí Màmá Sẹ̀gilọlá lọ́kọ sí ní Ìfọ̀, ìyá ilé kì í jókòó bí ará ilé bá wà lójú ọ̀nà. Kò ní jókòó, kò ní kúnlẹ̀, kò ní lóṣòó. Orí ìdúró ni yóò wà títí ẹni tó rìnrìn àjò yóò fi gúnlẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló fi òfin náà lé e lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì tó wọlé ọkọ, òfin náà kò sì gùn: àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ tẹ ohun kan pẹrẹsẹ, orúnkún kò sì gbọdọ̀ ká ju ti ẹni tó ń rìn lọ. Ó tán. Èèyàn lè jẹun, ó lè mumi, ó lè bá ará ilé jà, kó ṣáà ti wà lórí ìdúró.

Láyé ìgbà tí ọ̀nà kúrú, òfin yìí kò ni ẹnikẹ́ni lára. Bí ọkọ rẹ̀ bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní Èkó, Màmá yóò fi ìdúró dáná, yóò fi ìdúró fọ aṣọ, kó tó fọ aṣọ tán, fèrè rélùwéè á ti dún ní ìdíkọ̀ Ìfọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló rú òfin. Ó jókòó bó ẹ̀gúsí. Lọ́jọ́ náà gan-an ni oorun gbé ọkọ rẹ̀ kọjá Ìfọ̀ dé Abẹ́òkúta, ọjọ́ kejì ló tó padà wálé, pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan àti ewúrẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ olówó rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún lè bá a jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ìdúró.

Ṣùgbọ́n Màmá ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin báyìí. Inú ilé ara rẹ̀ ní Lotto, ní Mowe, ló ń gbé pẹ̀lú àwọn ayálégbé mẹ́ta, àbíkẹ́yìn rẹ̀, Àyànfẹ́olúwa, sì fẹ́ wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Àtìláńtà, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lọ kàwé.

Ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé náà ni Afọlábí, káfíńtà tó wá láti Ìkirè. Afọlábí kò kàwé jìnnà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kò ní kà: ìwé tó wà nínú páálí fáànù, ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn fíríìjì, ìwé ìròyìn tí wọ́n fi di àkàrà. Bí nǹkan bá ń ṣiṣẹ́, ó fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, ìyẹn tún dùn mọ́ ọn nínú jù. Nítorí náà, nígbà tí Adépọ̀jù, àkọ́bí Màmá, gbé ìwé tíkẹ́ẹ̀tì àbúrò rẹ̀ wá láti ilé rẹ̀ ní Ìbàfò, Afọlábí ni Màmá ké sí.

"Afọlábí, wá bá mi ka ìwé yìí. Wákàtí mélòó ni mo máa dúró?"

Afọlábí nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó gba ìwé náà. Ọkọ̀ kúrò ní Èkó ní aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀. Ọkọ̀ dé Àtìláńtà ní aago kan ọ̀sán, ọjọ́ kan náà. Ó ka ìka rẹ̀.

"Wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ni, Màmá."

Nàfísàt, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìbàfò, tí òun náà ń gbé yàrá ẹ̀yìn nínú ilé náà, ti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá. Ó ní, "Wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ò burú, bí wọ́n bá ń mumi, tí wọ́n sì ń rìn díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá kọjá méje, ẹsẹ̀ á wú, ẹ̀jẹ̀ á ru, a ó sì máa sáré gbé wọn lọ ni. Mo ti sọ tèmi o."

Adépọ̀jù yíjú sí Afọlábí. "Ọ̀gá káfíńtà, ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú bí ilẹ̀kùn tí mo fọwọ́ ara mi kàn."

"Tí nǹkan kan bá ṣe ìyá mi, ìwọ ni mo máa dì mú."

"Ẹ dì mí mú, sà."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ti ọrùn Afọlábí nìyẹn.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kìíní ni ọkọ̀ náà gbéra. Ọyẹ́ ti mú kí ètè gbogbo ará ilé funfun bí ẹni tó pọ́n èérú lá. Àyànfẹ́olúwa pe ìyá rẹ̀ ní aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó ní wọ́n ti ní káwọn pa fóònù. Màmá ní kí Olúwa ṣọ́ ọ, ó dìde lórí àga, ó so gèlè, ó jáde sí fàráńdà, ó sì dúró.

Sùlèímọ́nù télọ̀, ayálégbé kẹta, kò lè rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kó panu mọ́. Ó yọ téèpù lọ́rùn.

"Màmá, níwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ ti dúró dáadáa báyìí, ẹ ò ṣe jẹ́ kí n kúkú wọn yín fún bùbá tuntun?"

"Lọ wọn ìyá ẹ."

"Ìyá mi kì í dúró pẹ́, Màmá. Ìdí nìyẹn tí aṣọ rẹ̀ kì í fi í bá a mu."

Afọlábí wà ní iwájú ilé lábẹ́ páànù ìsọ̀ rẹ̀, ó ń fi ìwé yanrìn dán ilẹ̀kùn mẹ́rìnlá tí wọ́n ní kó ṣe fún ilé kan ní Arepo. Gbogbo ìdajì wákàtí ló ń wo aago, ó sì ń ké sókè pé, "Màmá, ó ku márùn-ún ààbọ̀! Màmá, ó ku márùn-ún!" Màmá á sì juwọ́ sí i bí ọba tó kọjá lórí ẹṣin.

Ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, Sùlèímọ́nù sáré wọ ìsọ̀ náà pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ó ti rí ibi tí wọ́n ti ń wo ọkọ̀ òfurufú lórí fóònù, ọkọ̀ kéékèèké aláwọ̀ ìyeyè lórí àwòrán ayé. Ó fi ìka kan ọ̀kan nínú wọn.

"Káfíńtà, wo ọkọ̀ Àyànfẹ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Sàró ni o. Ó ní ó ku wákàtí mẹ́sàn-án ààbọ̀."

"Irọ́ ni. Ó ku mẹ́ta ààbọ̀."

"Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́."

"Fóònù ẹ ti fẹ́ bàjẹ́ ni. Lọ pa á, kó o tún un tàn."

Sùlèímọ́nù pa á, ó tún un tàn. Ó tún kọ mẹ́sàn-án ààbọ̀. Lójú ẹsẹ̀, Afọlábí fi ìwé yanrìn sílẹ̀, ó wọ yàrá rẹ̀.

Lórí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, ó ní bọ́ọ̀lù ayé kan tí ilé ẹ̀kọ́ kan fẹ́ dà nù nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. Afọlábí ti gbẹ́ ẹsẹ̀ onígi fún un, ó sì ń yí gere. Ó fi òwú kan Èkó, ó nà án lórí òkun dé Àtìláńtà, ó ká òwú náà sórí ìlà ìdíwọ̀n tó wà lábẹ́ bọ́ọ̀lù. Ó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án kìlómítà lọ. Ó sì ti kà á níbì kan rí pé nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún kìlómítà ni ọkọ̀ òfurufú ń sá ní wákàtí kan. Kí ọkọ̀ tó lè parí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ní wákàtí mẹ́fà ààbọ̀, àfi kí wọ́n yìn ín jáde láti inú ìbọn.

Nígbà náà, kí ló dé tí ìwé fi sọ pé aago kan ọ̀sán?

Oòrùn ọyẹ́ ń gba ojú fèrèsé wọlé. Afọlábí gbé bọ́ọ̀lù náà síwájú rẹ̀, ó yí i títí Èkó fi bọ́ sínú ìmọ́lẹ̀, bó ṣe wà níta lásìkò náà. Ó wá wo ibi tí Àtìláńtà wà. Inú òjìji ni. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ níbẹ̀ rárá, wọ́n ṣì ń hanrun. Ìlà wà lórí bọ́ọ̀lù náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì mọ̀ pé láti ìlà kan sí èkejì, wákàtí kan ni oòrùn fi ń rìn ín. Ó kà wọ́n láti Èkó dé Àtìláńtà. Mẹ́fà. Aago kan ọ̀sán tiwọn, aago méje alẹ́ tiwa ni.

Kí a sọ òtítọ́, fún bí ìṣẹ́jú kan, inú Afọlábí dùn. Ó yí bọ́ọ̀lù náà síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó rí bí òwúrọ̀ ṣe ń tẹ̀ lé ara rẹ̀ yí ayé ká, ó sì rí i pé ohun tó dára ni. Lẹ́yìn náà ló wá rántí pé ìyá àgbà kan wà ní fàráńdà.

Wákàtí méjìlá ààbọ̀.

Ó jáde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Màmá, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀.

"Màmá, mo ṣì í. Aago ọ̀tọ̀ ni aago tiwọn. Aago méje alẹ́ ni ọkọ̀ á tó balẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe tiyín."

Màmá wò ó láti òkè. "Ṣé ọkọ̀ ti balẹ̀ ni?"

"Kò tíì balẹ̀."

"Ṣé mo sọ fún ẹ pé wákàtí mẹ́fà ni mo fẹ́ dúró? Mo ní mo máa dúró títí ọmọ mi á fi gúnlẹ̀. Dìde, yanrìn ń wọ̀ ẹ́ lẹ́nu."

Nígbà tó fi máa di aago kan ọ̀sán, ẹsẹ̀ Màmá ti ga sókè bí búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ààrò. Nàfísàt wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó tún un wọ̀n. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó kó tó di aago mẹ́ta," ló sọ nígbẹ̀yìn. "Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á ṣubú ni, mi ò sì mọ ibi tí wọ́n á ṣubú sí."

Adépọ̀jù ti dé láti Ìbàfò nígbà náà, òógùn bò ó nínú ọyẹ́. Ó kọ́kọ́ fọwọ́ mú ọrùn ẹ̀wù Afọlábí bó ṣe ṣèlérí, ó dì í mú fún ìgbà díẹ̀, ó rí i pé ìyẹn kò mú kí ọkọ̀ yára, ó fi í sílẹ̀. Ó bẹ ìyá rẹ̀. Ó sunkún. Ó ní òun á bá a dúró, ìyá rẹ̀ ní ìyá ilé ni òfin mú, kì í ṣe ọkùnrin tó ń ṣe làálàá lásán. Ni Adépọ̀jù bá gbé fóònù, ó pe iléeṣẹ́ tó ni ọkọ̀ òfurufú náà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, madam. Ọkọ̀ yín kan wà lórí òkun báyìí. Ṣé kò lè sọ̀ kalẹ̀ níbì kan fún ogún ìṣẹ́jú péré, kí ìyá wa lè jókòó?"

Ohùn obìnrin náà jáde ketekete. "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Kí ni nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì yín?"

"Èmi kọ́ ni mo wọkọ̀. Àbúrò mi ni."

"Ṣé àbúrò yín ni kò ríbi jókòó?"

"Àbúrò mi ti jókòó! Ìyá wa ni kò jókòó!"

"Ìyá yín wà lórí ìdúró nínú ọkọ̀, sà?"

"Mowe ló wà!"

Obìnrin náà ní kí wọ́n jọ̀ọ́ dúró sórí ìlà, orin fèrè sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Adépọ̀jù náà wá wà níbẹ̀, fóònù létí, ó ń dúró.

Afọlábí kò gbọ́ orin. Ó ń wo Màmá tó ti fẹ̀yìn ti òpó fàráńdà.

"Màmá, ṣé òfin gbà kéèyàn fẹ̀yìn ti nǹkan?"

"Ó gbà. Ìyá ọkọ mi máa ń fẹ̀yìn ti ògiri."

"Irú ògiri wo? Èyí tó nà ṣánṣán?"

"Ògiri alámọ̀ wo ló ń nà ṣánṣán? Ó dagun."

"Ó dagun tó báwo?"

Màmá ronú. "Ó dagun tó bẹ́ẹ̀ tó fi wó."

"Ẹ̀hẹ́n! Ṣé wọ́n fẹ̀yìn tì í nígbà tó wó?"

"Wọ́n fẹ̀yìn tì í. Ògiri lọ, àwọn náà bá a lọ. Ẹsẹ̀ wọn wà lórí ìpìlẹ̀, orúnkún wọn nà. Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn títí ọkọ wọn fi wọlé láti Ìbógun. Kò sì sẹ́ni tó sọ pé wọ́n jókòó."

Afọlábí kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó ti ń sáré lọ sí ìsọ̀.

Nínú àwọn ilẹ̀kùn Arepo, ó mú èyí tó ki jù, ilẹ̀kùn àbáwọlé, igi ìrókò. Ó kan pákó ìtẹ̀sẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú ìṣó onínṣì mẹ́rin. Ó tẹ́ fóòmù sí i lára. Ó de páìpù irin kan ní ìbú mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó gbé orí páìpù méjèèjì lé orí bẹ́ǹṣì iṣẹ́ rẹ̀ méjì, tó fi jẹ́ pé ilẹ̀kùn náà lè nàró, ó sì lè rọra dagun bíi ti ọmọdé lórí igi jangirọ́fà. Gbogbo ọgbọ́n náà wà ní ibi tí páìpù máa gbà. Bó bá wà ní ibi tí ara èèyàn ti wọ̀n dọ́gba, ìka kan tó láti fi yí i. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ jù, orí á wúwo ju ẹsẹ̀ lọ.

"Ó yẹ ká kọ́kọ́ fi èèyàn dán an wò," ni Afọlábí wí, ó sì wo Sùlèímọ́nù.

"Èmi kẹ̀? Lọ́jọ́ Sátidé?"

Wọ́n so ó mọ́ ilẹ̀kùn. Afọlábí fi ọwọ́ kàn án díẹ̀. Orí Sùlèímọ́nù lọ sílẹ̀ bí òkúta tó bọ́ sódò, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ sókè, kọ́bọ̀ inú àpò rẹ̀ dà sílẹ̀, ó sì ké orúkọ Ọlọ́run ní èdè mẹ́ta.

"Kí lo rí?" ni Màmá bi í láti fàráńdà.

"Mo rí Àyànfẹ́, Màmá! Ó ń jẹ ìrẹsì!"

Afọlábí sún páìpù náà sókè ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin, ó tún fi Sùlèímọ́nù dán an wò, ó wá sún un sílẹ̀ ní ìka kan nítorí pé Màmá kúrú jù ú lọ. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn àti bẹ́ǹṣì méjèèjì wá sí fàráńdà. Màmá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé pákó, ó gbé ti òsì, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ. Nàfísàt fi ìró mẹ́ta dì í: ọ̀kan ní àyà, ọ̀kan ní itan, ọ̀kan ní orúnkún kó má baà ká.

Afọlábí tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn díẹ̀. "Màmá, ṣé ìdúró ni?"

"Ìdúró ni."

Ó tún tẹ̀ ẹ́. "Èyí ńkọ́?"

"Báyìí gan-an ni ògiri yẹn ṣe rí lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kó tó wó."

Ó tún tẹ̀ ẹ́ títí ojú Màmá fi kọjú sí òrùlé. Adépọ̀jù, tí fóònù ṣì wà létí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìyá rẹ̀.

"Màámi, ẹ ti dùbúlẹ̀ o."

"Ta ló dùbúlẹ̀? Ẹsẹ̀ mi ńkọ́?"

"Ó wà lórí pákó."

"Orúnkún mi ńkọ́?"

"Ó nà."

"Ilẹ̀kùn ló dùbúlẹ̀. Èmi dúró."

Nígbà tó di aago mẹ́rin, oorun ti gbé Màmá lọ lórí ìdúró, ó ń hanrun. Àwọn obìnrin méjì láti ìjọ rẹ̀ wá kí i kú oríire ọmọ tó rìnrìn àjò. Wọ́n kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ, wọ́n rí i pé àtẹ́lẹsẹ̀ ni àwọn ń kí, wọ́n dìde, wọ́n gba ọ̀nà orí lọ kúnlẹ̀. Ní aago márùn-ún, ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, ni ọkùnrin mẹ́rin bá gbé e wọ pálọ̀ lórí ilẹ̀kùn, tí ó jẹ́ pé ilẹ̀kùn ló gba ẹnu ilẹ̀kùn kọjá. Afọlábí ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó fi ọwọ́ di pákó ìtẹ̀sẹ̀ mú, ó ń pariwo pé kí wọ́n má yọ ọ́ lẹ́sẹ̀. Nàfísàt tún wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní aago mẹ́fà. Ó wo nọ́ńbà náà, ó wo ẹsẹ̀ tí wíwú rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀, ó wá yíjú sí Afọlábí.

"Bọ̀dá Afọlábí, tèmi ga ju tiwọn lọ báyìí."

Afọlábí kò lè rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé fóònù Sùlèímọ́nù lé itan, kò gbójú kúrò lára ọkọ̀ aláwọ̀ ìyeyè náà. Ó ti wọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ó yí po lẹ́ẹ̀kan, Afọlábí sì bú u bí ẹni ń bú awakọ̀ tó kọjá ibùdókọ̀. Ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó dúró sójú kan.

"Ó ti balẹ̀," ni Afọlábí wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ. "Màmá. Ó ti balẹ̀."

Wọ́n yí ilẹ̀kùn sókè, wọ́n tú ìró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Màmá sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó rìn dé ìdí àga rẹ̀, ó fọwọ́ kan apá àga náà, ṣùgbọ́n kò jókòó. Ó ń wo fóònù rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Fóònù dún.

"Màámi, mo ti dé o! A ti sọ̀ kalẹ̀."

"Ṣé ẹsẹ̀ ẹ kan ilẹ̀?"

"Ó kan ilẹ̀, Màámi."

Màmá rọra jókòó. Igi àga náà dún, gbogbo ará pálọ̀ sì gbọ́ ọ. Afọlábí fi iwájú orí kan orúnkún ara rẹ̀, kò sì gbé e sókè fún ìgbà pípẹ́.

"Ibo lo wà báyìí?" ni Màmá bi ọmọ rẹ̀.

"Ibi tí wọ́n ti ń wo pásípọ́ọ̀tù ni. Màámi, èrò pọ̀ rẹpẹtẹ, kò sí àga kan, orí ìdúró ni gbogbo wa wà. Wọ́n ní ó lè tó wákàtí méjì."

Màmá na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ká orúnkún ọ̀tún, ó nà án, ó ká ti òsì, ó nà án.

"Dúró dáadáa," ló sọ. "Má fẹ̀yìn ti ẹnikẹ́ni. Èmi ti jókòó ní tèmi."